Odò Ni Ó Ń Yan Ìdí Ọkọ̀

Ó ṣọ̀wọ́n kí ọdún kan kọjá ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà kí ìròyìn má gbé e pé ọkọ̀ ojú omi kan ti dà, tí ẹ̀mí ènìyàn sì bá a lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn ènìyàn tí wọ́n ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ kó sínú irú àjálù bẹ́ẹ̀ lójú Odò Ọya, ní agbègbè Pátígi ní ilẹ̀ Tápà. Ọkọ̀ onígi tí ó kó wọn kọlu ìtì igi kan tí ó fara pamọ́ sábẹ́ omi, ọkọ̀ náà fọ́, àwọn tí wọ́n kú sì lé ní ọgọ́rùn-ún.

Lẹ́yìn irú ọ̀fọ̀ báyìí, ohùn a máa ṣọ̀kan pé kí a lọ ra ọkọ̀ ìgbàlódé fún àwọn ará etí odò, fún àwọn oníwòsàn tí ń bẹ abúlé wò, àti fún àwọn tí ń yọ ènìyàn nínú ewu omi. Láàrin àwọn ọkọ̀ tí ó tọ́ kí a gbé yẹ̀ wò ni ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì kékeré, èyí tí kò ní abẹ kankan tí ń yí lábẹ́ rẹ̀, tí ó sì lè sáré lórí omi tí kò mu orúnkún ọmọdé. Ìmọ̀ràn náà dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú iye owó àti agbára ẹ́ńjìnnì: irú ìdí wo ni ọkọ̀ náà ní? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní igba ọdún tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti ń bi àwọn àjèjì atukọ̀ ní i. Àwọn tí kò rí ìdáhùn sí i fi ọkọ̀ àti ẹ̀mí san gbèsè.

Ẹni tí yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi le, kí ó kọ́kọ́ mọ ìwà odò náà. Orí òkè Futa Jallon ní ilẹ̀ Gíní ni Odò Ọya ti ṣẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Málì àti ilẹ̀ Niger kọjá kí ó tó wọ Nàìjíríà, ìrìn rẹ̀ sì tó nǹkan bí 4,180 kìlómítà kí ó tó dé òkun. Odò Bẹ́núé ti orí òkè Adamawa ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù wá, ó sì bá a pàdé ní Lọ́kọ́ja. Ní ìgbà òjò, odò méjèèjì a máa kún dé ẹnu ọ̀nà ilé àwọn ará etí rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi a fà, iyanrìn a yọ orí síta, ibòmíràn a sì wà ní Bẹ́núé tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ là kọjá. Èyí tí ó tún le jù ni pé iyanrìn náà kì í dúró sójú kan. Ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà ní èṣí lè di ilẹ̀ gbígbẹ ní ọdún yìí.

Àwọn tí wọ́n ti ń gbé etí odò láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ti dá ìdáhùn tiwọn. Àwọn Tápà, àwọn Kakanda tí ń gbé nítòsí Lọ́kọ́ja, àti àwọn Jukun ní etí Bẹ́núé, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ gígùn tí a gbẹ́ lára igi ni wọ́n ń lò. Ìdí rẹ̀ fẹ̀, kò sì ní egungun tí ó yọ sísàlẹ̀. Ní òkè odò ní ilẹ̀ Málì, níbi tí igi ńláńlá ti ṣọ̀wọ́n, àwọn Bozo àti Somono a máa fi okùn rán pákó pọ̀ di ọkọ̀. Níbi tí omi bá jìn, àjẹ̀ ni wọ́n ń lò. Níbi tí kò bá jìn, wọn a fi ọ̀pá gígùn ti ilẹ̀ odò. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ a bọ́ sílẹ̀, wọn a tì í, ọkọ̀ a sì tún máa lọ. Kò sí ohun tí ó lè ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Mungo Park rí ọgbọ́n yìí, ó sì lò ó. Nígbà tí ó dé Sansanding lẹ́ẹ̀kejì ní 1805, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ-ogun tí ó bá a wá ti kú. Ó gba ọkọ̀ ìbílẹ̀ méjì tí ó ti gbó, ó gé èyí tí ó dára lára wọn, ó sì so wọ́n pọ̀ di ọkọ̀ kan tí ó sọ ní Joliba, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe odò náà. Ọkọ̀ yìí gùn ní 40 ẹsẹ̀ bàtà, ó fẹ̀ ní 6, ìdí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fi í rì ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ nígbà tí ẹrù bá wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà gbé e kọjá Timbuktu, ó sì gbé e dé Bùsà ní ilẹ̀ Bọ̀rgú ní 1806. Níbẹ̀ ni ó ti há sáàrin àpáta, tí Park àti àwọn tí ó kù pẹ̀lú rẹ̀ fi parí ayé wọn sínú omi. Ìdí ọkọ̀ rẹ̀ bá odò mu, ṣùgbọ́n ìmọ̀ nípa àpáta Bùsà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John wọ ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ láti apá ibẹ̀ kan náà, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ọba àti atukọ̀ etí odò títí wọ́n fi já sí òkun ní ilẹ̀ Brass. Báyìí ni ayé òyìnbó ṣe mọ ibi tí Odò Ọya ń wọ òkun.

Gbàrà tí ìròyìn yìí dé Liverpool ni àwọn oníṣòwò dìde. Ní 1832, Macgregor Laird kó ọkọ̀ ẹlẹ́ẹ̀ẹ́fín méjì wá. Èkíní, Quorra, jẹ́ onígi tí ó gùn ní 112 ẹsẹ̀ bàtà. Èkejì, Alburkah, jẹ́ onírin, ó sì gùn ní 70 péré. Orúkọ èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn Haúsá ń lò fún ìbùkún, òun sì ni ọkọ̀ onírin àkọ́kọ́ tí ó rin agbami òkun. Ọkọ̀ ńlá ni ó kọ́kọ́ rí ìjà odò. Omi fà, Quorra fìdí gúnlẹ̀ sórí iyanrìn nítòsí Lọ́kọ́ja, ó sì jókòó síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Nínú òyìnbó 48 tí wọ́n bá ìrìn-àjò náà wá, 9 péré ni ó padà sílé láàyè. Ibà ni ó pa púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ibà rí ààyè nítorí pé ìdí ọkọ̀ ti so wọ́n mọ́ ojú kan.

Ẹ̀kọ́ yìí kò tíì wọlé dáadáa ní 1841, nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ onírin mẹ́ta wá: Albert, Wilberforce àti Soudan. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a ti kó lẹ́rú rí, wà láàrin àwọn tí ó bá wọn lọ. Àwọn tí ó kan ọkọ̀ náà fẹ́ kí ó dára lójú òkun kí ó sì dára nínú odò. Wọ́n ṣe ìdí rẹ̀ ní pẹrẹsẹ, wọ́n sì fi egungun ìdí ọkọ̀ sí i tí a lè sọ̀ sísàlẹ̀ bí ọkọ̀ bá wà lójú òkun, tí a sì lè fà sókè bí ó bá wọ odò. Èrò náà jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lé eku méjì a pòfo. Albert àti Wilberforce gùn tó 139 ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n sì fẹ̀ tó 27. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè gòkè odò àfi nígbà ìkún omi. Kò sí oṣù tí ibà kì í sí ní etí odò náà, ṣùgbọ́n ìgbà òjò ni ẹ̀fọn ń pọ̀ jù. Ìdí ọkọ̀ ni ó yan oṣù fún wọn, oṣù náà sì fà wọ́n lé ibà lọ́wọ́. Nínú oṣù kẹsàn-án ni a ti ní láti fi ọkọ̀ méjì kó àwọn aláìsàn padà. Albert nìkan ni ó dé Egga ní ilẹ̀ Tápà, kí òun pẹ̀lú tó yí ojú padà. Ó kù díẹ̀ kí ó má sí ẹni tí yóò tu ọkọ̀ náà bọ̀. Àwọn òyìnbó tí ó kú lé ní ogójì.

Ní 1854, John Laird tún kan ọkọ̀ kan, Pleiad. Òun kéré sí ti 1841, ó gùn ní 100 ẹsẹ̀ bàtà, àwọn òyìnbó tí a kó sínú rẹ̀ sì kéré níye. Dókítà Baikie ni ó ṣe olórí, ó sì mú kí gbogbo wọn máa lo kìnínì lójoojúmọ́. Crowther tún wà níbẹ̀. Ọkọ̀ náà gòkè Bẹ́núé jìnnà ju ibi tí òyìnbó kankan tíì fi ọkọ̀ ẹlẹ́ẹ̀ẹ́fín dé lọ, kò sì sí ẹnì kan tí ibà pa. Síbẹ̀, ibì kan wà tí Pleiad ní láti dúró, ọkọ̀ kékeré ni Baikie sì wọ̀ parí ìrìn náà. Ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní oṣù kẹwàá ọdún 1857, ọkọ̀ tí ó tún kó wọn wá, Dayspring, kọlu àpáta nítòsí Jẹ́bbà, ó sì fọ́. Ó tó ọdún kan tí wọ́n fi dúró ní etí odò kí ọkọ̀ mìíràn tó wá gbé wọn. Ọ̀kan nínú wọn, John Glover, ẹni tí ó di gómìnà Èkó lẹ́yìn náà, fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Èkó. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ọgbọ́n tí wọ́n kọ́ pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni pé wọ́n gbé àgbá kẹ̀kẹ́ tí ń wa ọkọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n gbé e sẹ́yìn, kí ọkọ̀ lè gba ọ̀nà tóóró. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a mọ̀ jù lójú Odò Ọya ní ayé Ilé-iṣẹ́ Royal Niger àti nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀. Èkejì ti ilé iṣẹ́ Yarrow wá ní London: wọ́n da ihò gígùn sí abẹ́ ọkọ̀, bí ẹni da ọ̀pọ́n dojú délẹ̀, abẹ tí ń yí sì wà nínú ihò náà, ó ga ju ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ, kí iyanrìn má baà kàn án. Ẹ̀kẹta ni ti Lieutenant Hourst, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ní 1896, ó fi ọkọ̀ kan tí a ń pè ní Davoust sọ̀kalẹ̀ láti Timbuktu. Alumíníọ́mù ni a fi ṣe é, ní apá-apá tí a lè rù lórí ilẹ̀ kí a sì tún tò pọ̀. Ó dúró fún oṣù mélòó kan nítòsí Say títí omi fi kún, lẹ́yìn náà ni ó gba àárín àpáta Bùsà kọjá títí dé òkun. Àwọn àpáta náà kò sí lójú mọ́ lónìí, nítorí omi ìdídò Kainji ti bò wọ́n láti 1968.

Àwọn ilé iṣẹ́ ìṣòwò tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ UAC a máa ti Burutu gbé ẹrù gòkè lọ sí Lọ́kọ́ja, Bàrò, Makurdi àti Yola, títí dé Garoua ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ní Garoua, ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ọ̀nà omi fi ń ṣí nínú ọdún, ọ̀gá ọkọ̀ tí ó bá sì pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ yóò jókòó ti iyanrìn títí di òjò ọdún kejì. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Netherlands tí a ń pè ní NEDECO wọn odò méjèèjì láàrin àwọn ọdún 1950, wọ́n sì gbé ìwé ìmọ̀ràn wọn jáde ní 1959. Síbẹ̀, odò tí a wọ̀n lónìí a máa yí padà ní ọ̀la.

Ní àkókò kan náà, ní ìlú jíjìnnà, ẹnì kan ń bá irú odò bẹ́ẹ̀ jìjàkadì. Orílẹ̀-èdè New Zealand ní odò púpọ̀ tí ó yára, tí kò jìn, tí òkúta wẹ́wẹ́ sì kún ìsàlẹ̀ wọn. William Hamilton, àgbẹ̀ olówò àgùntàn tí ó tún jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, fẹ́ ọkọ̀ tí yóò gòkè irú odò bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 1954, ó gbé ẹ̀rọ kan tí ń fa omi wọlé láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí ó sì ń tì í jáde pẹ̀lú agbára. Ní àkọ́kọ́, abẹ́ ọkọ̀ ni omi náà ń gbà jáde, eré rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Nígbà tí ó gbé ẹnu ọ̀nà omi náà sẹ́yìn, sókè ojú omi, eré ọkọ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Ní 1960, irú ọkọ̀ rẹ̀ gòkè Odò Colorado ní Amẹ́ríkà, gba àárín Grand Canyon kọjá, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí.

Àwọn mìíràn fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìdí ọkọ̀ pátápátá. Ní 1969, àwọn arìnrìn-àjò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ tí ń léfòó lórí afẹ́fẹ́, SRN6, láti Dakar gba ojú odò àti orí ilẹ̀ orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí dé agbègbè Adágún Chad. Ìrìn-àjò náà yọrí sí rere, ó sì ya ayé lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń fẹ́ epo rẹpẹtẹ, tí ariwo rẹ̀ ń di etí, tí àwọ̀ rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń fẹ́ ìtọ́jú, kì í ṣe ohun tí abúlé kan lè gbà bí ọkọ̀ ojoojúmọ́. Nítorí náà ọ̀rọ̀ tún padà sí orí ìdí ọkọ̀.

Ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì ní ìwà kan tí olùrà gbọ́dọ̀ mọ̀. Nígbà tí ó bá ń sáré, ara rẹ̀ a gbéra lórí omi, ó sì lè kọjá lórí ibi tí omi kò ju ínǹsì díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró, tàbí bí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn tí kò lè gbéra, yóò rì bí ọkọ̀ mìíràn, ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ yóò sì máa fa iyanrìn wọlé. Iyanrìn náà a máa jẹ abẹ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí agbára ọkọ̀ yóò fi tán. Fún ìdí èyí, ìwúwo ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a bi olùtà léèrè, kì í ṣe eré ṣíṣá. Kí a wọn ọkọ̀ náà pẹ̀lú epo, pẹ̀lú atukọ̀, pẹ̀lú aláìsàn àti ìbátan rẹ̀, kí a tó sọ pé ó bá odò mu.

Lẹ́yìn èyí ni bí ìdí rẹ̀ ti rí. Ìdí pẹrẹsẹ kì í rì púpọ̀, ó sì ń tètè gbéra, ṣùgbọ́n a máa yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí a bá fẹ́ yí i, ìgbì kékeré a sì máa nà án bí ẹni ń lu ìlù. Ó tún lè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ ẹnu ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń gbé afẹ́fẹ́ mì kò lè ti omi. Ìdí tí ó rí bí ẹnu àáké ń la ìgbì dáadáa, ó sì ń yí bí a ti fẹ́, ṣùgbọ́n omi jíjìn ni ó ń fẹ́, ẹ́ńjìnnì tí ó lágbára jù ni ó sì ń béèrè kí ó tó gbéra. Èyí tí ó bá odò iyanrìn mu jù ni ti àárín: ìdí tí ó gun díẹ̀ níwájú láti la omi, tí ó sì ń tẹ́ lọ sí ẹ̀yìn, tí apá ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa omi sì tẹ́ láìní ìdènà. Lójú omi gbalasa bí Adágún Kainji, níbi tí afẹ́fẹ́ ń ru ìgbì sókè, a lè fi kún gígun rẹ̀. Ní òkè Bẹ́núé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a dín in kù.

Ní ti ohun tí a fi ṣe é, alumíníọ́mù tí Hourst gbé gba Bùsà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kan ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì odò gbà títí di òní. Ó fúyẹ́, àpáta lè tẹ̀ ẹ́ kí ó má fọ́, ẹni tí ó bá sì mọ iṣẹ́ jíjó irin rẹ̀ lè tún un ṣe. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Ewu kan tí kò sí ní ayé Baikie tún wà: koríko odò olódòdó tí ó ti gba ojú omi Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1980. Koríko yìí, àti àwọ̀n àwọn apẹja, lè dí ẹnu ẹ̀rọ jẹ́ẹ̀tì pa. Ọkọ̀ tí atukọ̀ kò lè ṣí ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa omi láti inú ọkọ̀ kí ó sì fi ọwọ́ mú koríko kúrò, kò yẹ fún àwọn odò wọ̀nyí.

Kí a má sì ṣe rò pé ọkọ̀ kan wà tí odò kò lè dá dúró. Ní 1977, Edmund Hillary gbé ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì gòkè Odò Ganges ní ilẹ̀ Íńdíà, ìtàkìtì omi ni ó sì dá a dúró níkẹyìn. Bákan náà, kò sí ìdí ọkọ̀ tí ó lè gba ènìyàn là bí a bá kó ìlọ́po méjì iye tí ó yẹ sínú rẹ̀ lóru, láìsí ẹ̀wù ìléfòó.

Ìtàn Quorra, Albert àti Dayspring fi ohun kan hàn kedere. Gbogbo wọn jẹ́ ọkọ̀ tí ó dára níbi tí a ti kàn wọ́n, àwọn tí ó kàn wọ́n sì jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ wọn. Ohun tí ó kù ni pé a kò fi odò náà ṣe ìwọ̀n, pàápàá odò nígbà tí omi rẹ̀ bá fà tán. Ìjọba ìpínlẹ̀, ilé ìwòsàn tàbí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀ lónìí, kí ó rán ènìyàn lọ sí etí odò ní oṣù kẹta ọdún, nígbà tí iyanrìn ti yọ síta, kí ó fi ọ̀pá wọn ọ̀nà omi, kí ó sì bi àgbà atukọ̀ Tápà tàbí Jukun léèrè ibi tí omi máa ń gbà bí ó bá kù díẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá lè gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ ni kí a rà. Ìgbà ìkún omi kò ṣòro fún ọkọ̀ kankan láti rí ọ̀nà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni aboyún tí ọmọ há sí nínú ń dúró ní èbúté, tí ó ń wo iyanrìn.